Ọjọ́ Tí Táòfíkì Kò Mọ̀

Ariwo ló mú wa pàdé. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Máfolúkù ń han bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Táòfíkì tó ń tún sípíkà ṣe láti Bọ́ládé. Èmi tí mò ń dá orin ni wọ́n ní kí n dúró tì í.

"Àǹtí, ẹ sọ nǹkan kan sí máìkì."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Ẹ ṣáà má dákẹ́."

Mi ò sì dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́ta ló fi ń wá tọ́jú sípíkà yẹn, tí á jókòó sẹ́yìn títí ìsìn á fi parí. Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣèrìbọmi, èmi kọ́ ni mo rán an. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó ló kó bá wa. Ìjọ wa kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ àfi tó bá kọ ọjọ́ tó di àtúnbí síbẹ̀. Bàbá mi, Alàgbà Ọláníyan, tíṣà ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìntì, sì ni alága ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Gbogbo ilé wa ló mọ ọjọ́ tiwọn: ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lójú títì, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Mo kọ ọjọ́ tèmi sí fọ́ọ̀mù tèmi, ṣùgbọ́n Táòfíkì fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo nínú tirẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, jọ̀ọ́, kọ ọjọ́ kan síbẹ̀," mo bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ta ló máa mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo sọ fún màámi pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sunkún. Wọ́n ní, 'Tó o bá máa lọ, má fi irọ́ lọ.' Mo ṣèlérí fún wọn, Morọ́lá."

Inú bí mi débi pé mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo kúnlẹ̀, Táòfíkì dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Ọjọ́ wo ni Jésù pàdé rẹ?"

"Sípíkà ni mo máa ń tẹ́tí sí, sà, bóyá ó tún ń han. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ sípíkà mọ́, ìwàásù ni mò ń gbọ́. Mi ò mọ ọjọ́ tó yí padà."

"Ẹni tí ò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ṣé wọ́n bí i?"

"Màámi ò mọ tiwọn, sà. Wọ́n sì wà láyé."

Bàbá mi ti fọ́ọ̀mù náà padà sí i. "Kò sí ìgbéyàwó."

Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀.

"Dádì, irọ́ ni tèmi."

"Kí lo wí?"

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn, ní àgọ́ àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo wọn ń sunkún, ojú tèmi gbẹ. Mo fi itọ́ pa ojú. Ọjọ́ tí mo kọ nìyẹn."

"Ìgbà wo wá ni tìrẹ?"

"Mi ò mọ̀, sà. Bóyá òní ni."

Wọ́n kó fọ́ọ̀mù méjèèjì, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni fọ́ọ̀mù náà fi wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù wọn ò jẹ́ kí Táòfíkì pè mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, bàbá mi dìde níbi ìkéde, wọ́n gba máìkì, wọ́n ka orúkọ èmi àti Táòfíkì sí etí ìjọ pé a fẹ́ ṣègbéyàwó.

Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù méjèèjì. Wọ́n ti fi báírò pupa fa igi lé ọjọ́ irọ́ mi. Ní àyè tèmi àti ti Táòfíkì, ohun kan náà ni wọ́n kọ: *Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.* Wọ́n sì máàkì méjèèjì bí ìdáhùn tó tọ̀nà.