Àmì Ẹsẹ̀ Adìẹ Tómisìn

Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ wá sílé mi ní Dàda Estate, n ó gbé adìẹ náà lé yín lọ́wọ́.

Ní abúlé wa lẹ́bàá Iléṣà, adìẹ gbogbo ilé ló jọ ń jẹ̀. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, a máa ń fi àmì sí tiwa. Màámi a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òròmọdìẹ, oníkálukú a sì gé ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ kan. Tómisìn, àbíkẹ́yìn wa, yan ìka ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó bá gé e tán, á bu eérú ààrò sójú ọgbẹ́, á máa fẹnu fẹ́ ẹ, fùù, fùù, á máa bẹ adìẹ pé kó má bínú. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

Tómisìn gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà kí n tó kó dé ilé yìí. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ti Màámi le ju tèmi lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá adìẹ mi mọ̀: òpìpí tí ìyẹ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn, èyí tí ọrùn rẹ̀ wà níhòòhò.

Lọ́jọ́ tí òpìpí pamọ, Màámi gbé òròmọdìẹ kan, wọ́n fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró.

"Fúnkẹ́, ta ló gé e?"

"Gé kí ni, Màámi?"

"Ìka ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Mo wò ó. Ṣóńṣó ìka náà ò sí. Ojú ibẹ̀ ti jinná, bẹ́ẹ̀ èèpo ẹyin ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. A gbé òmíràn, bákan náà ni. Gbogbo wọn ni, àfi dúdú kan ṣoṣo.

"Ti Tómisìn ni," Màámi wí. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, Micah àbúrò mi dé láti Iléṣà. Ó ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ṣe ìsìn ìrántí fún Tómisìn, ká gbà pé ó ti kú. Ó kù kí Màámi gbà.

"Màámi, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́, ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ."

"Wo ẹsẹ̀ adìẹ yìí ná."

"Wọ́n jogún ẹ̀ ni."

"Lọ́dọ̀ ta?"

Micah wo ẹsẹ̀ ìyá wọn àti bàbá wọn. Ìka òpìpí pé, ti àkùkọ náà pé. Ló bá gbé dúdú sókè. "Eléyìí ńkọ́? Ìka tiẹ̀ pé. Ṣé eléyìí kì í ṣe ti Tómisìn ni?"

 Inú bí mi sí Micah, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé òótọ́ ló ń sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, iná lọ. Mo ti géètì, mo kó adìẹ wọlé wọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sẹ́yìnkùlé. Jẹnẹrétọ̀ kankan ò dún ládùúgbò. Òròmọdìẹ kan ké, ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ.

Fùù. Fùù.

Micah tan tọ́ọ̀ṣì, ó ṣí ilé adìẹ. Dúdú ló gbé jáde. Wọ́n ti gé ìka ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò tíì gbẹ. Nǹkan lẹ́búlẹ́bú wà lójú ọgbẹ́ náà. Micah fi ìka kàn án wò.

Eérú ni. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Gáàsì ni mo fi ń dáná. Kò sí ààrò nílé mi.

Micah ò dárúkọ ìsìn mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé òròmọdìẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́. "Tómi," ó pè é jẹ́jẹ́. 

"Fúnkẹ́," Màámi wí, "lọ ṣí géètì. Kò mọ ulé yìí."

Mo lọ ṣí i. Láti ọjọ́ náà, a ò tì í mọ́.