Ìyàwó Ìkìrun Tí Kì Í Kúnlẹ̀ Mọ́

Bí a bá ń wá ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo Òkukù, Àmọ̀kẹ́ la máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, kò sì jẹ́ kí ìyàwó kankan gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tí Adétóun, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní Ìkìrun, ti ń kí i lóòró.

Ní Sátidé kan, Àmọ̀kẹ́ wọ rélùwéè, ó gba Ìnísà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkìrun. Adétóun di ògiri mú, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, mà."

Àmọ̀kẹ́ kò tilẹ̀ jókòó, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Oyèdélé, ìyàwó rẹ ti di ọ̀gá mi. Bí kò bá kúnlẹ̀ lónìí, kó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìbà."

Adétóun gbìyànjú. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó há sí agbedeméjì, kò lè lọ sílẹ̀, kò lè dìde. Àmọ̀kẹ́ tó ní kó kúnlẹ̀ náà ló tún bá Oyèdélé fà á sókè.

Mojíbọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì, gbọ́ ariwo, ó wọlé, ó bi Adétóun ibi tó ń dùn ún.

"Ibi tí itan ti so mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn ni. Bàtà gan-an, ọkọ mi ló ń bá mi wọ̀ ọ́."

Àmọ̀kẹ́ wo àbúrò rẹ̀ títí. Kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ bá jà nínú àwọn méjèèjì.

"Ó jọ pé oríkèé itan wọn ló ti jẹ," ni Mojíbọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò n'Íbàdàn. Bí oògùn àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ kò bá tó, wọ́n lè fi oríkèé onírin rọ́pò rẹ̀."

"Kí wọ́n la ìdí ìyàwó wa? Kí ni yóò máa fi jókòó?" ni Àmọ̀kẹ́ ké.

"Àwọn dókítà kan máa ń gba iwájú itan wọlé, Màmá. Wọ́n á sún iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kí wọ́n gé e. Yóò dùn wọ́n fúngbà díẹ̀ o, wọn ò sì ní í sáré lọ́jọ́ kejì."

Oògùn kò tó, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà n'Íbàdàn. Nígbà tó di oṣù kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ tún dé. Adétóun rìn wá láti ẹ̀yìnkùlé láìdi ògiri mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ba láti kúnlẹ̀. Àmọ̀kẹ́ fò dìde, ó di apá rẹ̀ mú.

"Dúró bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kí o ba irin jẹ́?" Ojú tì í gidigidi. "Ìrora ni mo ń pè ní ìgbéraga. Dárí jì mí, ìyàwó wa."

Ẹ̀yin ará, bí itan bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, tó ń tiro, tí kò lè tẹ̀ba wọ bàtà, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi tipátipá fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà ni yóò mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ló yẹ ẹ́. Kí ẹ sì tó pe ìyàwó ilé ní aláfojúdi, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún.