Ọ́ìlì Inú Rélùwéè Tíṣà

Inú aṣọ ìnura ni Tíṣà gbé e sí bí ọmọ tuntun nígbà tó yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ kéékèèké ṣe níbẹ̀ dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ṣí aṣọ náà. Orí rélùwéè ìṣeré ni, kò gùn ju ọwọ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ni Tíṣà wí. "Bí mo bá ti tẹ rìmóòtù, ṣe ló ń ta gìrì."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń ta gìrì," ni ọmọbìnrin náà fèsì. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Kí oṣù tó parí, ojoojúmọ́ ni Tíṣà ń wá, yálà ẹ̀rọ bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Ìfẹ́ ti wọ ọmọbìnrin wa lára. Bí ilé ìwé bá ti fẹ́ jáde, kò ní lè gbé ojú kan mọ́. Á tún ilẹ̀ tó ti gbá gbá.

Títún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe ni bàbá ọmọbìnrin náà, tó ni ṣọ́ọ̀bù, fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe. Bàbá wo Tíṣà tìkà-tẹ̀gbin, ó sọ fún ọmọ ẹ̀ pé:

"Àgbàlagbà tó ń fi ọkọ̀ ọmọdé ṣeré, ṣé òun ló máa gbọ́ bùkátà ilé? Kó fi nǹkan ẹ̀ sílẹ̀ síbí. Bó bá rìn dáadáa lọ́jọ́ Sátidé, kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Bí kò bá rìn, kó má yọjú síbí mọ́."

Wàhálà dé. Bí ọmọbìnrin náà bá tún un ṣe lónìí, á rìn geere. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, gìrì ti tún dé. Ó pààrọ̀ pátákó kékeré inú ẹ̀ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù. Pàbó ló já sí. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

"Má da ara ẹ láàmú, ọ̀gá mi," ni Tíṣà wí, òun náà sì ń gé èékánná jẹ. "Bí Bàbá bá lé mi, màá lọ dúró sódìkejì títì."

"Kí lo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Màá máa juwọ́ sí ẹ."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára pátákó, ó so ó mọ́ bátìrì tààrà. Ó ṣì ń ta gìrì. Á jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ni àrùn wà. Ó tú u palẹ̀. Ọ́ìlì ti bo kábọ̀nù àti bàbà tí iná ń gbà wọ inú ẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa.

"Ta ló da ọ́ìlì sí i?"

Tíṣà mi orí. Bàbá tó ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí wúkọ́.

"Èmi ni, lálaalẹ́. Ó ń ké fín-ín-fín-ín."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń ké, Bàbá?"

Bàbá wolẹ̀. "Mo máa ń wà á díẹ̀ tó o bá ti relé. Ó dùn ún wà."

Ọmọbìnrin náà fi sípíríìtì nu ẹ́ńjìnnì, ó tò ó padà, ó tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ yí orí tábìlì ká wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bàbá," ni Tíṣà wí, "mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

Bàbá kọjú sọ́mọ ẹ̀. "Ìwọ náà fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Ó ti pẹ́."

"Háà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi lé e lọ." Bàbá fa àga ara ẹ̀ fún Tíṣà. "Jókòó, ọmọ mi. Sọ̀rọ̀ àwọn ẹbí ẹ fún mi."

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ Tíṣà mú lójú bàbá ẹ̀.