"Tààrà Ni Mo Ń Lọ"

Ẹ̀rín ni Tètèdé fi wọlé lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ èrò ni, eré tó ń sá lójú títì márosẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó ti maṣíìnì rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníbàárà.

"Mọ́mì, a ti fi àwọn èèyàn kan ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí."

"Àwọn wo tún ni?"

"Àwọn kan ló wọ ẹ̀wù tó ń dán yanran, tí wọ́n dúró sẹ́bàá títì. Wọ́n á dá ọkọ̀ dúró: 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ti ń bọ̀? Níbo lẹ ń lọ?' Ṣé àwọn ló bí mi ni?"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Alága gáréèjì ti kìlọ̀ fún gbogbo wa. Ó ní owó orí tuntun ni wọ́n fẹ́ gbé ka orí ẹni tó bá ń yà ní ìkòríta wa. Ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo wa bá ń dáhùn bákan náà: 'Tààrà ni mo ń lọ. N kì í yà.'"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. "Ẹ̀yin awakọ̀! Ẹ ò ní pa mí."

Ọmọbìnrin wọn, tí wọ́n ń pè ní Màmá Kékeré nítorí ọ̀rọ̀ àgbà tó máa ń sọ, bá wọn rín in. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé asíímà ń da ọmọ yìí láàmú. Bí àyà rẹ̀ bá há, ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì títì ni wọ́n máa ń gbé e sáré lọ, ìkòríta yìí kan náà ni wọ́n sì ń gbà yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tètèdé ń pariwo pé òun kì í yà, kò rántí ìyẹn rárá.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún títì ṣe. Inú gbogbo àdúgbò ń dùn. Wọ́n da ọ̀dà tuntun, wọ́n mọ ògiri kọnkéré sí àárín títì kí ọkọ̀ má baà máa kọlu ara wọn. Ògiri dé ìkòríta, kò dúró. Ó kọjá lọ gbọọrọ. Ẹnu ya gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tí wọn yóò bi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àyà Màmá Kékeré há. Oògùn tó máa ń fà sẹ́nu kò ràn án. Tètèdé gbé e sọ́kọ̀, ìyá rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn, ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí wọ́n dé ìkòríta, ọwọ́ Tètèdé ti yí ọkọ̀ kí orí rẹ̀ tó rántí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí sọ ògiri.

Géètì ilé ìwòsàn rèé ní òdìkejì. Wọ́n rí i. Wọ́n rí ẹ̀ṣọ́ tó jókòó síbẹ̀. Wọ́n sì kọjá rẹ̀.

"Dádì, ilé ìwòsàn rèé! Ẹ yà! Ẹ yà!" ìyàwó rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ibo ni kí n yà sí? Mọ́mì, ibo ni kí n yà sí?" Igbe ni Tètèdé fi dáhùn.

Wọ́n lọ jìnnà réré kí wọ́n tó rí ibi tí ọkọ̀ ti lè yí padà. Ètè ọmọ náà ti ń dúdú nígbà tí wọ́n dé. Dókítà tọ́jú rẹ̀ títí ó fi mí dáadáa, ó wá wo Tètèdé lójú. "Kí ló mú yín pẹ́ tó báyìí? Bó bá fi díẹ̀ pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Ọmọ ń gbádùn, inú bàbá ń ru. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti Alága gba ọ́fíìsì tó ń rí sí ojú títì lọ. Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ló dá wọn lóhùn.

"Ta ni ìkà tó dí ìkòríta wa?" Tètèdé lu tábìlì.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ lẹ ní ẹ kì í gba ibẹ̀."

"Àwa kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Kí a tó tún títì ńlá ṣe, a máa ń wádìí ibi tí ọkọ̀ ti ń wá àti ibi tó ń lọ. Kámẹ́rà lè wo nọ́ńbà ọkọ̀ níbi tó ti wọ títì àti níbi tó ti jáde. Àwọn kan, a máa ń fún wọn ní káàdì kí wọ́n dáhùn lórí rẹ̀ nílé. A sì máa ń tẹ́ okùn rọ́bà sílẹ̀, bí táyà bá ti gùn ún, á kà á. Ṣùgbọ́n okùn kò lè sọ pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lẹ gbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi ń dúró sẹ́bàá títì, tí wọ́n ń fi ẹnu bèèrè."

"Okùn yẹn ńkọ́?" ìyàwó bèèrè. "Kò ka ọkọ̀ ní ìkòríta wa ni?"

"Ó kà á, mà. Ó ní ọkọ̀ ń yà níbẹ̀ bí omi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a bi léèrè ló ní tààrà lòun ń lọ. A rò pé okùn náà ti bàjẹ́. A ká a kúrò."

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alága, tí ohùn rẹ̀ kì í wọ́n ní gáréèjì, ń wo ilẹ̀. Tètèdé jókòó wọ̀ọ̀.

"Irọ́ la pa, àǹtí. A rò pé owó orí ni."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa. A fẹnu kò ni."

Obìnrin náà káwọ́ lérí. "Owó orí kẹ̀? A kì í bèèrè orúkọ. A kì í gba owó. A kàn fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yẹ kó là ni! Àwa náà jẹ̀bi, ó yẹ ká wá sí gáréèjì yín kọ́kọ́ ṣàlàyé, ó sì yẹ ká bèèrè ìdí tí okùn àti ẹnu kò fi bára mu."

"Okùn sọ òótọ́, ẹ ní ó bàjẹ́," ìyàwó ń sọ ọ́ bí ẹni ń lálàá. Omijé dà lójú rẹ̀. "Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ni mo fi rẹ́rìn-ín, n kò mọ̀."

"A ó tún ìwádìí náà ṣe, mà. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí. Fífọ́ kọnkéré kò rí bíi títú aṣọ."

Àwọn ẹlẹ́wù dídán náà ti padà sẹ́bàá títì, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè báyìí. Nígbà tí wọ́n dá Tètèdé dúró, kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lanu. "Ilé ìwòsàn ni mo ń lọ! Ìkòríta ni mo máa ń yà sí! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà!" Màmá Kékeré sì fi kún un láti ẹ̀yìn: "Òótọ́ ló ń sọ lónìí o." Lẹ́yìn náà wọ́n tún gba ọ̀nà jíjìn lọ, nítorí ògiri náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí wọ́n bá dá yín dúró lójú títì láti bèèrè ìrìn àjò yín, ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ ọrùn wọn. Bí ẹnì kan bá bèèrè owó, oníjìbìtì ni, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ sọ pé ẹ kò ráyè, kò sẹ́ni tí yóò mú yín. Ẹ má gé okùn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹ má yẹra fún un. Bí ẹ bá sì máa dáhùn, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ibi tí o bá ní o kì í lọ, kò sẹ́ni tí yóò la ọ̀nà ibẹ̀ fún ọ.