Kéèkì Linnea Tí Kò Ní Ẹyin

Linnea ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Oko kan ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Linnea ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò. Ó gbé apẹ̀rẹ̀. Ṣàpà, ṣàpà, ó ń rìn nínú ẹrẹ̀.

Màmá àgbà ló rán an níṣẹ́. Ẹyin mẹ́ta ni kó mú wá láti ilé adìyẹ. Lọ́la, tí ìsìn bá parí, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò fi kéèkì Màmá àgbà mu kọfí.

Dot, adìyẹ pupa, ti sàba lé ẹyin. Linnea na ọwọ́.

Dot wò ó. Kò sọ ọ́ ní àgógó. Ó kàn tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ bo ẹyin náà dáadáa.

Linnea fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ṣàpà, ṣàpà, ó di ilé.

“Ẹyin dà?” ni Màmá àgbà bi í.

“Ti Dot ni,” ni Linnea wí. “Mi ò mú un.”

Màmá àgbà ní adìyẹ yóò tún yé òmíràn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é láti kékeré nìyẹn.

“Rárá, Màmá àgbà.”

Linnea tún wo wàrà tó wà lórí tábìlì. Ó rántí ọmọ màlúù aládùúgbò wọn. Mùúù, mùúù, ó ń ké pe ìyá rẹ̀.

“Ti ọmọ màlúù nìyẹn,” ni Linnea wí. “Bọ́tà náà, inú wàrà ló ti wá.”

Anders, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. “Kí ló wá kù? Omi àti àdúrà?”

Linnea ká ọwọ́ lé àyà. “Èmi ni mo máa ṣe kéèkì náà.”

Màmá àgbà ronú. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń gbé kéèkì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bàjẹ́ rí. Síbẹ̀, wọ́n fa àga sún mọ́ tábìlì kí Linnea lè gùn ún.

Linnea da ìyẹ̀fun. Ó da ṣúgà. Ó fi òróró dípò bọ́tà. Ó fi omi ọkà ọ́ọ̀tì dípò wàrà. Ó gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dípò ẹyin.

Wọ́n gbé e sínú ààrò. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró.

Gbì! Wọ́n dà á sórí tábìlì. Kéèkì náà le bíi bíríkì.

Anders fi ìka kàn án. Kó, kó, kó. “Ẹ ńlẹ́ onílé o.”

Omijé kún ojú Linnea. Kò jẹ́ kó bọ́.

Màmá àgbà ní ó tó. Ìyẹ̀fun tó kù kò ju ti kéèkì kan lọ. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n fẹ́ lọ mú ẹyin fúnra wọn.

Linnea lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó dí ọ̀nà.

“Kí lo wá fẹ́ fi dípò ẹyin?” ni Màmá àgbà bi í.

Linnea wo gbogbo ilé ìdáná yíká.

Pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ọmọrí ìkòkò ń fò sókè lórí iná. Ẹ̀wà ọbẹ̀ alẹ́ ni wọ́n ń sè. Ìfófó funfun ń ti ọmọrí náà.

“Màmá àgbà, ẹyin náà máa ń ní ìfófó tí ẹ bá pò ó, àbí?”

Màmá àgbà wo ìkòkò. Wọ́n bọ́ bàtà wọn.

Wọ́n sẹ́ omi ẹ̀wà náà sínú abọ́. Wọ́n jẹ́ kó tutù. Linnea kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Wìrì, wìrì, wìrì.

Kò sí nǹkan kan. Anders yán.

Wìrì, wìrì, wìrì. Apá ro Linnea. Kò dúró. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Màmá àgbà gbà á, wọ́n pò ó. Linnea tún gbà á padà.

Ó funfun. Ó ki. Ó wú bí òwú.

Màmá àgbà gbé abọ́ náà. Wọ́n dojú rẹ̀ dé sókè orí Anders. Anders di ojú.

Kò já bọ́. Ẹ̀kán kan kò já bọ́.

Wọ́n rọra pò ó mọ́ ìyẹ̀fun. Wọ́n gbé e sínú ààrò. Linnea ń yọjú níbi gíláàsì. Kéèkì ń gòkè, ó ń gòkè, ó yọ orí jáde nínú páànù.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Halvorsen tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin gé kéèkì náà jẹ. Wọ́n tún gé òmíràn. Wọ́n yíjú sí Màmá àgbà, wọ́n ní, “Gerda, ẹyin mélòó lo fi sí èyí?”

“Ẹyọ kan ò sí níbẹ̀, mà,” ni Linnea dáhùn.

Màmá Halvorsen dáwọ́ jíjẹ dúró. Wọ́n ní kéèkì tí kò ní ẹyin kì í ṣe kéèkì.

Linnea na ọwọ́ sí wọn. “Ó dáa, mà. Ẹ dá a padà.”

Màmá Halvorsen fa àwo wọn mọ́ra. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá. Màmá àgbà fi ife kọfí bo ẹ̀rín wọn.

Nínú ọkọ̀, Anders ṣì ń lá ìka. “Áísìkiriìmù ńkọ́?” ló wí. “Ìyẹn ò lè ṣeé ṣe láìsí wàrà.”

Linnea wò ó. Ó rọra ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì.