Máṣíìnì Tí Kò Bàjẹ́

Oorun ló mú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ni. Gbogbo wọn ti kúnlẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n sì ti dìde, ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣì wà lórí eékún lẹ́yìn pátápátá, ó gbé orí lé bẹ́ǹṣì. Àwọn àgbà obìnrin ń wò ó tìyanutìyanu, wọ́n ní irú ẹni báyìí ló ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Aránṣọ kan tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ló gbọ́ pé ńṣe ló ń hanrun. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un díẹ̀, ó sì rọra bi í létí pé, "Ṣé Ọlọ́run ti dáhùn ni?"

Obìnrin náà lajú, ó nu itọ́ ẹnu. "Ó ní kí n lọ sùn," ló fi dá a lóhùn.

Àwọn méjèèjì fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà. Láràárọ̀, tí Nọ́ọ̀sì bá ń ti ọsibítù bọ̀, á yà sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ kí oníbàárà kankan tó dé. Wọ́n á jókòó sáàárín àwọn aṣọ gígé, wọ́n á gbàdúrà. Nọ́ọ̀sì ló mú òfin wọn wá. Ó ní ní wọ́ọ̀dù àwọn, nọ́ọ̀sì kì í gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, ẹlòmíì ló máa gún un. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà fún ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Kí kálukú ṣe tirẹ̀ nílé. Tí wọ́n bá ti jọ jókòó, ẹni tí nǹkan ń ká lára á sọ ọ́, ẹnì kejì á sì gbé e tọ Ọlọ́run lọ.

Ẹ má fojú kékeré wo òfin yẹn o. Ó rọrùn ká sọ inú wa fún Ọlọ́run, torí Ọlọ́run kì í bá wa jẹun lọ́sàn-án. Ẹni tó máa bá ni jẹun lọ́sàn-án ló ṣòro ká jẹ́ kó gbọ́. Síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ ìyá Nọ́ọ̀sì tó ń ṣàìsàn títí ìyá náà fi sùn nínú Olúwa. Nọ́ọ̀sì náà gbé ọ̀rọ̀ ìtìjú Aránṣọ, nígbà tí ọkùnrin tí wọ́n ti kéde orúkọ òun àti Aránṣọ nínú ìjọ lọ fẹ́ ẹlòmíì, tí gbogbo èèyàn sì ń fojú àánú wo ọmọbìnrin náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó.

Ìtìjú yẹn ló bí gbogbo wàhálà tó dé lẹ́yìn. Aránṣọ búra nínú ara rẹ̀ pé òun kò tún ní fẹnu òun sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé òun fẹ́ ọkọ.

Ni Káfíńtà bá dé. Ẹsẹ̀ tábìlì tí Aránṣọ fi ń gé aṣọ ló ń mì, wọ́n sì júwe ọkùnrin kan fún un tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá tún nǹkan ṣe tán, á bu omi kún ife dẹ́múdẹ́mú, á gbé e lé e lórí, á wá bẹ̀rẹ̀ kó wò ó bóyá omi ń mì. Omi kò mì. Síbẹ̀ ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá igi náà ti fìdí múlẹ̀. Ó tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Tábìlì tó dúró gbagidi ni wọ́n ń yẹ̀ wò bí aláboyún. Aránṣọ náà ò sì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ṣàkíyèsí pé bùláòsì tó dára jù lòun ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́bọ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin náà.

"Kí ni ká gbé lónìí?" Nọ́ọ̀sì bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun Aránṣọ, ó padà. Ojú rẹ̀ bọ́ sára máṣíìnì. "Máṣíìnì yìí," ló ní. "Ó ń já òwú."

Máṣíìnì náà kò já òwú rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì gbọ́wọ́ lé e, ó sì gbàdúrà kíkankíkan. Lọ́jọ́ kejì, máṣíìnì náà ni wọ́n tún gbé. Lọ́sẹ̀ kejì, òun náà ni. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì wọlé láàárọ̀, kò lè jókòó. Ó ní òun ní ohun tí wọ́n máa gbé, kí Aránṣọ ṣáà má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà kan wá tún ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù àwọn ṣe. Ó kí gbogbo aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbé òòlù. Ọkàn òun ti lọ. Ṣé Aránṣọ mọ̀ ọ́n?

"Mo mọ̀ ọ́n," Aránṣọ dáhùn. "Òun ló tún tábìlì mi ṣe."

"Bá mi gbé e, ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Kó ṣáà rí mi."

Ibí yìí gan-an ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ì bá tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbé máṣíìnì bọ̀ látọjọ́ yìí, ibo ló máa gbé e sọ̀ sí? Aránṣọ dijú, ó bẹ Ọlọ́run pé kí Káfíńtà fojú rere wo ọ̀rẹ́ òun. Ó gbà á dáadáa pàápàá, àmín rẹ̀ ló sì ròkè jù. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì lọ tán, ó jókòó ti iṣẹ́, ó rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ibi ọrùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Káfíńtà dé, kò sì wo ọ̀dọ̀ tábìlì rárá. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn òun wá kí Màmá Aránṣọ, bó bá fọwọ́ sí i. Ayọ̀ mú ọmọbìnrin náà, ẹ̀rù sì gbà á lọ́wọ́ ayọ̀.

"Nọ́ọ̀sì kan wà lọ́sibítù tí ẹ ti tún ilẹ̀kùn ṣe," ló ní. "Èèyàn dáadáa ni. Òun ni kí ẹ lọ wò."

"Ọ̀nà kọ́ ni mo wá béèrè," Káfíńtà dáhùn. "Mo mọ ibi tí mò ń lọ. Ibí ni."

"Mi ò lè ṣe é."

"Ṣé ẹ ò lè ni, àbí ẹ ò fẹ́?"

Omi ojú ló dáhùn. Ọkùnrin náà gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. "Igi tútù ò ṣeé kàn," ló ní jẹ́ẹ́. "Ẹni tó bá kánjú kàn án, á wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Màmá rí ojú ọmọ rẹ̀ nílé nírọ̀lẹ́, kò sì sinmi títí ó fi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Inú bí i gan-an. Ó ní wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú ọmọ òun, ọmọ òun ní kí wọ́n gbé e fún ará ilé kejì. Ó ní ta ló kọ́ wọn pé wọ́n ń fi ọkọ ṣe ìtọrẹ àánú? Nígbà tó sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò lọ́sibítù, Nọ́ọ̀sì náà ló bá lẹ́nu iṣẹ́, ló bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pátá. Màmá fúnra rẹ̀ ló padà ròyìn pé Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ òun, ó tún un wọ̀n, kò sì lè sọ iye tó rí.

Nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò jókòó.

"Máṣíìnì yẹn, ṣé ó já òwú rí?"

Aránṣọ mi orí.

"Mo gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo rò pé iṣẹ́ ẹ ń bàjẹ́ lọ. Èmi tú inú mi sílẹ̀ fún ẹ, títí kan èyí tó ń tì mí lójú. Ìwọ ń gbé máṣíìnì fún mi."

"Mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn dùn mí. Ìyẹn á san. Ṣùgbọ́n ta ni mo ti ń bá gbàdúrà látọjọ́ yìí?"

Ó jáde. Láti ìgbà náà, kò yà mọ́. Aránṣọ á ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, á wá dákẹ́, torí kò sí ẹni tó máa gbé tirẹ̀. Káfíńtà ń kí i láti òdìkejì títì, kò wọlé. Ó wá yé Aránṣọ pé òun lè rí ọkọ kí òun pàdánù ẹni tó mọ òun, ìyẹn sì bà á lẹ́rù ju kí wọ́n tún kọ òun sílẹ̀ lọ.

Màmá ní kí ló tún ń dúró dè, nígbà tí ọ̀rẹ́ náà ti bá tirẹ̀ lọ.

"Màmá, mo fẹ́ Káfíńtà," Aránṣọ ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fẹnu sọ ọ́ nìyẹn. "Ṣùgbọ́n tí mo bá gun orí irọ́ dé ilé ọkọ, irọ́ yẹn ni màá máa bá gbélé."

Màmá wò ó títí, inú rẹ̀ rọ̀. "Ṣé o ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Fún Káfíńtà?"

"Fún ọ̀rẹ́ ẹ."

Ọ̀sán Sátidé ni Aránṣọ lọ bá Nọ́ọ̀sì nílé nídìí ọpọ́n, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìdúró kí wọ́n fún un ní àpótí. "Mo purọ́ fún ẹ níwájú Ọlọ́run," ló ní. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mi ò wá kó o lè yọ̀ǹda ọkùnrin fún mi. Mo wá sọ èyí tó yẹ kí n ti sọ."

Nọ́ọ̀sì fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó fún un títí kò fi kán mọ́. "Ó dáa, sọ ọ́. Kí ni ká gbé?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ Káfíńtà. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú á tún tì mí níṣojú gbogbo ayé. Mi ò sì fẹ́ pàdánù ẹ, ìwọ ọmọ yìí."

Nọ́ọ̀sì ju aṣọ náà padà sínú ọpọ́n. Aránṣọ rò pé ó máa ní kí òun máa lọ. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ tí ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀ tó di tirẹ̀ mú.

"Olúwa," Nọ́ọ̀sì ní, "ó dùn mí o. O mọ̀ pé ó dùn mí. Ṣùgbọ́n fún ọ̀rẹ́ mi ní ọkùnrin yẹn. Má jẹ́ kí ojú tún tì í. Lórúkọ Jésù."

Aránṣọ fẹ́ dáhùn, ẹkún kò jẹ́ kó lè la ẹnu.

Nọ́ọ̀sì fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. "Tètè ṣe àmín," ló ní. "Mi ò lè gbà á lẹ́ẹ̀kejì."