Yéjídé Nínú Àjà Ilé Bámigbóyè

Ẹsẹ̀ méjì ni Josiah kọ́kọ́ rí lórí àkàbà nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀, tòun ti bàtà kánfáàsì. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì rí ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò kàkí, tó fi eyín di wáyà pupa mú.

"Okun o," Josiah kí i, bí wọ́n ti ń kíni ní Kàbà.

Ó yọ wáyà lẹ́nu. "Okun o. Ẹ bá mi di àkàbà yìí mú, kí n má baà já lù yín."

Josiah dì í mú. Tíṣà ìṣirò ni ní Kàbà, òun ló máa ń pàṣẹ fúnni, ṣùgbọ́n àṣẹ tòní dùn mọ́ ọn.

Ọdún 1994 ni. Bàbá Bámigbóyè, bàbá Josiah, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, ó sì kó gúlóòbù kéékèèké mẹ́fà tó ń tàn yòò bọ̀ láti ibẹ̀, wọ́n sì rì wọ́n mọ́ àjà pálọ̀. Súwíìṣì tí wọ́n ń yí bíi ti rédíò, tí wọ́n ń pè ní dímà, ló yẹ kó máa dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù. Dímà náà kì í pẹ́ jóná. Oníṣẹ́ iná méjì ti ṣe é tì. Yéjídé, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Mopa kí bàbá náà tó kú, ni ìkẹta.

Ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn dímà náà, ó wo ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ Josiah. "Tíṣà, igba ó lé àádọ́ta wáàtì ni èyí lè gbé. Gúlóòbù mẹ́fà, àádọ́ta-àádọ́ta, mélòó ni?"

"Ọ̀ọ́dúnrún."

"Ẹ ò rí i? Ẹrù pọ̀ jù fún un."

Ó fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, iná sì gbọ́ràn. Láti ọjọ́ náà ni Josiah ti ń yà ní ṣọ́ọ̀bù Yéjídé lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Kò pẹ́ tí "ẹ̀yin" fi di "ìwọ" láàárín wọn.

"Kí ló tún bàjẹ́ lónìí?" Yéjídé a bi í.

"Oorun mi ni. Kò wá mọ́."

"Mi ò kọ́ ìyẹn níbi iṣẹ́, olólùfẹ́ mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dímà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, àwọn gúlóòbù ń ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ sì kú. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Josiah sọ fún bàbá rẹ̀ pé Yéjídé lòun fẹ́ fẹ́.

"Ẹni tó ba iná mi jẹ́?" bàbá pariwo. "Obìnrin tó ń gun àkàbà kiri ilé onílé? Kò gbọdọ̀ tẹ ilé yìí mọ́!"

Nígbà tí Josiah ròyìn fún un, Yéjídé kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. "Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìwọ lo máa bá bàbá rẹ sọ ọ́. Ti iná, èmi ni mo fọwọ́ kàn án, mi ò sì tíì parí ẹ̀. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló pè ọ́?"

Yéjídé kúnlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó pè mí, sà. Àṣìṣe mi ló mú mi wá. Ẹrù nìkan ni mo kà, mi ò wo òkè àjà. Ẹ jẹ́ kí n gòkè. Bí mi ò bá rí ìdí ẹ̀, ẹ ò ní rójú mi mọ́."

"Èmi náà á sì bá a kúrò ńbí, Bàbá," ni Josiah wí, ó lọ pa iná níbi mítà.

Bàbá yà fún un. Wákàtí méjì ni Yéjídé fi rá kiri lábẹ́ páànù tó gbóná bí ààrò. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òwú aláǹtakùn bò ó lórí, ó sì mú irin kékeré kan tó wúwo dání.

"Tíráńsífọ́mà nìyí, sà, òun ló ń dín agbára iná kù kó tó dé gúlóòbù. Gúlóòbù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ lókè. Dímà lásán ò lè bá a ṣe. Á máa kùn, á gbóná, á sì jóná. Èyí tí wọ́n ṣe fún tíráńsífọ́mà ló yẹ ẹ́. Màá wá a lọ sí Ìlọrin."

Bàbá yí irin náà lọ́wọ́. "O ò ṣe kúkú sọ pé iná ọba ló bà á jẹ́? Bẹ́ẹ̀ làwọn méjì yẹn sọ."

"Irọ́ nìyẹn ì bá jẹ́, sà."

Ó lọ sí Ìlọrin, ó rí i, ó sì dè é. Oṣù méjì kọjá, dímà ò kùn, kò gbóná. Alaalẹ́ ni bàbá ń yí i wò. Ọjọ́ Ìsinmi kan ló déédéé bi Josiah pé, "Ta là ń béèrè ní Mopa?"

"Ìyá rẹ̀, sà. Theresa lorúkọ wọn."

Nígbà tí bàbá àti Josiah dé Mopa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá Yéjídé bi bàbá: "Ṣé ẹ ò ní sọ pé kó fi iṣẹ́ bàbá ẹ̀ sílẹ̀?"

"Ìyá, ọmọ tó jẹ́wọ́ àṣìṣe ẹ̀, tó sì padà wá tún un ṣe nígbà tí mo ti lé e, irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọmọ ni mo wá tọrọ, mi ò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi gúáfà, Josiah di ọwọ́ Yéjídé mú, ọwọ́ tí iṣẹ́ ti sọ di líle.

"Àwọn àgbà ti sọ tiwọn," Yéjídé wí. "Mi ò tíì gbọ́ tìẹ."

"Fẹ́ mi, Yéjídé."

Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Mò ń fa wáyà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀júkù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tìẹ ni mí títí ayé."